WS2811, WS2812B, WS2815, SK6812 tàbí APA102: èwo ni kí ẹ rà fún iná ọ̀ṣọ́?

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan n'Íbàdàn. Láti òru Jímọ̀ ni mo ti to iná yí ẹ̀yìn àga ọkọ àti ìyàwó ká: stírípù mẹ́rin, mítà márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo so mọ́ra wọn di ẹyọ kan. Iná ń ṣàn láti òsì lọ sí ọ̀tún bí omi odò. Ìyàwó ò tíì jó dé àárín gbọ̀ngàn tí gbogbo apá ọ̀tún fi ṣókùnkùn. Apá òsì ń bá eré tiẹ̀ lọ. Alhaja tó ni gbọ̀ngàn wá bá mi lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sára ògiri, ó rọra sọ ọ́ kí àlejò má baà gbọ́: "Ẹnjiníà, àbí ìdajì owó ni mo san fún yín ni?"

Pixel kan ṣoṣo, ìyẹn ojú iná kan tó ń dá yí àwọ̀, ló kú. Ẹyọ kan tí kò tó èékánná ọmọdé, nínú 600. Ṣùgbọ́n iná tó ní chip WS2812B ni mo lò, bí WS2812B kan bá sì ti kú, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí pé chip wo ló dáa jù, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ibo lẹ fẹ́ gbé e kọ́, ta ló sì máa gun àkàsọ̀ lọ tún un ṣe? Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe wàhálà. Gbogbo chip tí mo fẹ́ dárúkọ níbí ló ń tan pupa, tan búlúù, tan àwọ̀ ewé. Iná tó ń gbé wọn ró àti bí wọ́n ṣe ń kú ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ pixel

Stírípù àtijọ́, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń yí àwọ̀ pa pọ̀. Ti pixel yàtọ̀, nítorí pé chip kékeré kan wà tó ń darí ojú iná kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ntírólà á tú ọ̀rọ̀ sórí wáyà dátà, pixel àkọ́kọ́ á mú ìpín tirẹ̀, bit 24, á sì ta ìyókù sí èkejì. Bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì níbi ìnáwó gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó jókòó sí orí tábìlì á gba àwo tiẹ̀, á na àwọn tó kù sí ẹni tó tẹ̀lé e, títí dé ìsàlẹ̀ tábìlì. Bí ẹnì kan láàárín bá sùn lọ, ebi ló máa pa gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dọ̀ Alhaja nìyẹn.

Àwọn ìdílé WS28xx ń gba ọ̀rọ̀ ní bit 800,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, pixel 1,000 lórí wáyà dátà kan á gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí. Ìyẹn ni pé àwòrán ò lè yí ju nǹkan bí ìgbà 33 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún ọ̀ṣọ́, ó tó. Bí ó bá ju 1,000 lọ, ẹ pín in sí ojú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta lára kọ̀ntírólà, ojú á tutù.

Fóltì 5 tàbí 12

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Ẹ mú stírípù WS2812B tó ní ojú iná 60 ní mítà kan. Mítà márùn-ún jẹ́ 300. Bí gbogbo rẹ̀ bá tan funfun tó mọ́lẹ̀ dé góńgó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè mu tó 60 mA (ìdá 60 nínú 1,000 áḿpì), nítorí náà áḿpì 18 ni ẹ ń wá láti inú àpótí iná, lórí fóltì 5, wáàtì 90. Áḿpì 18 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bàbà tó wà nínú stírípù yẹn fẹ́lẹ́ bí bébà. Bí iná ṣe ń rìn lọ nínú rẹ̀ ni fóltì ń jò dànù. Lórí 5, tí ẹ bá pàdánù ọ̀kan àtààbọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ojú yín á rí i kí ẹ̀rọ tó ń wọn fóltì tó rí i. Búlúù àti àwọ̀ ewé ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3 kí wọ́n tó tàn dáadáa, pupa ò fẹ́ ju 2 lọ. Nítorí náà, bí fóltì ṣe ń lọ sílẹ̀, búlúù ló ń kọ́kọ́ ṣàárẹ̀. Funfun tí ẹ tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá fi dé ìdí stírípù, ó ti dà bí iná àtùpà elépo. Oníbàárà á ní iná yín ti gbó, kì í ṣe pé ó gbó, ebi ló ń pa á. Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí ẹ fi wáyà tó nípọn gbé fóltì 5 wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ já a wọlé ní orí, ní ìdí, àti ní nǹkan bí gbogbo pixel 50 láàárín. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti ra wáyà, ẹ ti ra fíùsì, ẹ sì ti jó sódà títí ọwọ́ fi gbóná.

Lórí fóltì 12, wáàtì 90 yẹn kan náà jẹ́ áḿpì 7.5. Bí fóltì kan bá jò nínú 12, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Pixel 100 sí 150 lè tẹ̀lé ara wọn kí ẹ tó ronú pé kí ẹ já iná tuntun wọlé. Fún òrùlé ilé, fún ọgbà, fún àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, 12 ni mo fara mọ́, mi ò sì ní pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé 12 ń dín owó iná kù. Àwọn pixel ọlọ́ta, àwọn tó rí bí ọta ìbọn, tó bá jẹ́ ti fóltì 5, nǹkan bí wáàtì 0.3 ni ẹyọ kan ń mu tó bá tan funfun. Ti 12 tó ní rẹ̀sísítọ̀ nínú ń mu tó 0.7. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni! Ìyókù ń di ooru nínú rẹ̀sísítọ̀. Ọta 500 jẹ́ wáàtì 150 lórí 5, ó jẹ́ 350 lórí 12. Ẹni tó ń lo íńfátà àti sólà gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí NEPA ò ní bá a san ìyàtọ̀ rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń tan ọ̀ṣọ́ dé góńgó. Ìdá 30 nínú 100 ni mo máa ń fi í sí lálẹ́, ojú ò sì ní rò pé ó kéré.

Ohun kan ṣì kù lórí sólà. Ẹlòmíì á ní bátìrì òun jẹ́ fóltì 12, iná òun jẹ́ 12, òun á so wọ́n pọ̀ tààrà. Bátìrì tí sólà ń gbé iná sí lọ́wọ́ lè gun 14.4, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ilé iṣẹ́ ṣe fún WS2815 ò fọwọ́ sí ju 13.5 lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń bu fóltì kù, kí ẹ gbé e sí àárín àwọn méjèèjì.

WS2811, arúgbó tí kò fẹ́ fẹ̀yìn tì

Ilé iṣẹ́ Worldsemi ní Ṣáínà ló ń ṣe é, àwọn náà ló ni WS2812B, WS2813 àti WS2815. Chip WS2811 dá dúró fúnra rẹ̀, ó dúdú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ó rí i lára stírípù níbi tó dùbúlẹ̀ sí láàárín àwọn ojú iná. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ọwọ́ wa, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Èkíní ni stírípù fóltì 12. Nínú èyí, chip kan ló ń darí ojú iná mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú iná 60 ní mítà kan, pixel 20 ni ẹ rà, nítorí mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n ń yí àwọ̀, mẹ́tamẹ́ta náà ni ẹ lè gé e. Fún ìmọ́lẹ̀ tó ń rọra ṣàn yí àjà ilé ká, kò sí àléébù níbẹ̀, ó sì dínwó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ tàbí ya àwòrán, á rí i pé lẹ́tà rẹ̀ ti di gàgàrà bí ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kọ̀wé.

Ìkejì ni ọlọ́ta, chip àti ojú iná tí wọ́n jọ bọ́ sínú rọ́bà, tí wọ́n sì da gọ́ọ̀mù líle sí i kí omi má wọlé. Ẹ dá ihò mílímítà 12 sára pátákó, ẹ tì í wọ ibẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ti há. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà tí wọ́n ń fi iná bo gbogbo ilé wọn ní Kérésìmesì, tí iná náà ń bá orin jó, èyí ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, wọ́n ń to eré rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú xLights, Falcon Player á sì máa gbé e jáde. Ẹni tó bá ti gba Ajose Adeogun kọjá ní Victoria Island nínú oṣù Kejìlá mọ bí irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe ń fa èrò.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọlọ́ta ni pé ó rọrùn láti tún ṣe. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó tẹ̀lé e á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà mẹ́ta ló so ó mọ́ ẹnì kejì. Ẹ gé ẹni tó kú kúrò, ẹ bó wáyà, ẹ lọ́ tuntun mọ́ ọn, ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣe é lórí àkàsọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú iná fóònù tó fi eyín dì mú. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú stírípù tí wọ́n fi sílíkóònù bò, ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí.

WS2812B àti àbúrò rẹ̀ WS2813

WS2812B ni gbogbo ayé fi ń kọ́ṣẹ́. Chip náà wà nínú ojú iná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ ojú, ẹ ó rí àpótí dúdú kóńkó kan nínú fèrèsé funfun yẹn, pẹ̀lú wáyà tó tín-ín-rín bí irun tó so ó mọ́ àwọn àwọ̀ mẹ́ta. Fóltì 5, ìdí wáyà mẹ́ta lára stírípù: iná, dátà, nẹ́gétífì. Ó wọ́pọ̀, ó dínwó, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ pixel tirẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi 60 tàbí 144 sínú mítà kan kí ẹ sì fi ya ohun tó wù yín. Fún tábìlì, fún gíláàsì ìfihàn ọjà, fún pátákó kékeré nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ ohun tó tún dáa jù ú lọ.

Àrùn rẹ̀ ni mo ti sọ. WS2813 ni wọ́n fi wò ó: fóltì 5 náà ni, ṣùgbọ́n ó ní wáyà dátà kejì tó ń fo ẹyọ tó bá kú, àdìpamọ́ dátà nìyẹn. Ìṣòro fóltì tó ń jò ṣì wà níbẹ̀ sá o, nítorí náà mi ò fi bẹ́ẹ̀ rà á. Ẹni tó bá ti fẹ́ náwó lé àdìpamọ́ dátà, kí ó kúkú lọ sí 12.

WS2815

Òun ni mo padà lọ fi sí ọ̀dọ̀ Alhaja. Fóltì 12, ojú iná kọ̀ọ̀kan jẹ́ pixel, ìdí mẹ́rin lára stírípù. Ìdí kẹrin yẹn, tí wọ́n ń kọ BI sí, ló fi yàtọ̀. Ẹ padà sídìí ìrẹsì: bí ẹnì kan bá sùn lọ ní tábìlì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á na ọwọ́ kọjá orí rẹ̀ lọ gba àwo lọ́wọ́ ẹni iwájú. Ojú kan á ṣókùnkùn, iyókù á máa jó lọ. Àyàfi bí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá jọ kú ni ọ̀nà tó dí. Ẹ rántí pé BI ti pixel àkọ́kọ́ pátápátá kò rí ẹnikẹ́ni níwájú. Ẹ so ó mọ́ nẹ́gétífì, ẹ má fi í sílẹ̀ gbayawu, tí ẹ ò bá fẹ́ kí iná máa ṣe bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Kò tún ní ìwọra ọlọ́ta 12 yẹn. Wọ́n to àwọn àwọ̀ mẹ́ta lé ara wọn nínú rẹ̀ dípò kí rẹ̀sísítọ̀ máa jó fóltì dànù, nítorí náà nǹkan bí 15 mA ni ẹyọ kan ń mu tó bá tan funfun. Mítà márùn-ún tó ní 300 jẹ́ áḿpì 4.5, wáàtì 54. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 90 ti WS2812B. Owó rẹ̀ ga jù ú lọ ní ọjà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka wáyà, fíùsì, àti gbogbo ibi tí ẹ ò ní já iná wọ̀ mọ́, ìyàtọ̀ náà ò pọ̀ tó bí oníṣòwò ṣe ń pariwo rẹ̀.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni àtúnṣe. Stírípù ni, ìdí mẹ́rin tó fara pọ́ra ni ẹ ó jó sódà sí, ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ ti so dátà mọ́ fóltì 12 nìyẹn. Dátà ń fẹ́ 5. Ẹ mọ ohun tí 12 máa ṣe fún un.

SK6812: nígbà tí funfun bá ṣe pàtàkì

Opsco ni wọ́n ń ṣe é, ó ń gbọ́ èdè kan náà pẹ̀lú WS2812B. Èyí tí mo ń sọ ni aláwọ̀ mẹ́rin, nítorí oríṣi kan wà tó jẹ́ mẹ́ta. Ìdajì fèrèsé rẹ̀ ní nǹkan yẹ́lò bí ẹyin, ibẹ̀ ni funfun gidi ti ń jáde.

Kí ló dé tí èèyàn fi nílò rẹ̀? Ẹ tan WS2812B ní funfun sójú ẹni tó dúdú dáadáa, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Á dà bí ẹni tó fi eérú pa ara. Pupa, ewé àti búlúù tí wọ́n pò pọ̀ dà bíi funfun lára ògiri, ṣùgbọ́n lára awọ èèyàn àti lára aṣọ òkè, àṣírí wọn á tú. Funfun SK6812 tó lọ́wọ́ọ́rọ́, èyí tí wọ́n ń kọ 3000K sí, á jẹ́ kí àwọ̀ ara jáde bó ṣe yẹ. Fún pẹpẹ ìjọ, fún àga ìyàwó, fún ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, owó tí ẹ bá ná sí i ò ṣòfò. Bí ẹ bá tan funfun yẹn nìkan, nǹkan bí 20 mA ni yóò mu dípò 60.

Fóltì 5 ni ṣá, ẹ ó já iná wọ̀ ọ́ bíi ti ìyókù. Bit 32 ló ń gbà dípò 24, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ntírólà pé aláwọ̀ mẹ́rin ni. Tí ẹ bá gbàgbé, gbogbo àwọ̀ á yẹ̀ kúrò nípò, pupa á ṣubú sí búlúù, búlúù á ṣubú sí funfun, ẹ ó rò pé wọ́n ti gbá yín. Tó bá jẹ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ ti ń rán ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú E1.31, ìlànà tí wọ́n fi ń rán ọ̀rọ̀ iná, aláwọ̀ mẹ́ta 170 ló ń wọ inú universe (àpò ọ̀rọ̀) kan, aláwọ̀ mẹ́rin ò ju 128 lọ.

APA102 àti SK9822, fún kámẹ́rà

Ìjọ tó ń gbé ìsìn jáde lórí Facebook máa ń pè mí pé iná pẹpẹ ń fa ìlà dúdú kọjá lójú fídíò. Iná náà ń ṣẹ́jú ni, ojú èèyàn ò rí i, kámẹ́rà rí i. WS2812B àtijọ́ ń ṣẹ́jú nǹkan bí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, WS2813 àti WS2815 tó 2,000. APA102 sún mọ́ 20,000. Ó tún ní wáyà aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà dátà, nítorí náà kò dúró de bit 800,000 ẹnikẹ́ni. Ó ń gba ọ̀rọ̀ kánkán débi pé àwọn tó ń fi iná tó ń yí bírí ya àwòrán sínú afẹ́fẹ́, òun ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀tàn kékeré kan wà níbẹ̀. APA102 ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 32 tí ó fi ń dín ara rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìyẹn dín in, ṣíṣẹ́jú rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 580 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kámẹ́rà á tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. SK9822, tí wọ́n ṣe láti fi jọ ọ́, ń dín áḿpì fúnra rẹ̀ kù dípò ìyẹn, ó sì sàn jù lápá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní orúkọ APA102, SK9822 ni. Méjèèjì wọ́n, fóltì 5 ni wọ́n, wọn ò sì ní àdìpamọ́ dátà. Mi ò ní gbé wọn síta.

Fún ẹni tó ń kánjú:

| Chip | Fóltì | Ìdí wáyà | Bí ẹyọ kan bá kú | Ibi tí mo ń lò ó sí |
|---|---|---|---|---|
| WS2811 stírípù | 12 | 3 | àwọn tó tẹ̀lé e kú | àjà ilé, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣàn |
| WS2811 ọlọ́ta | 5 tàbí 12 | 3 | wọ́n kú, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn | ìta, òrùlé, pátákó ńlá |
| WS2812B | 5 | 3 | wọ́n kú | ṣọ́ọ̀bù, tábìlì, ìkọ́ṣẹ́ |
| WS2815 | 12 | 4 | òun nìkan ló kú | gbọ̀ngàn, ọ̀nà jíjìn |
| SK6812 aláwọ̀ mẹ́rin | 5 | 3 | wọ́n kú | pẹpẹ, ibi fọ́tò |
| APA102, SK9822 | 5 | 4 | wọ́n kú | iwájú kámẹ́rà |

Ní ọjà

Mi ò kì í ra iná láìdán an wò mọ́. Inú ike oúnjẹ kan ni mo kó ESP32 (kọ̀ntírólà kékeré kan) tí mo ti fi WLED, sọ́fítíwíà tó ń darí iná, sí, pẹ̀lú power bank, mo ń gbé e lọ sí Alaba bí ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán. Mo máa ń tan pupa, ewé, búlúù, lẹ́yìn náà funfun tí kò mọ́lẹ̀ jù, mo sì ń wo ìdí stírípù ju orí rẹ̀ lọ. Fún àwọn fóltì 12, mo ń bẹ ọlọ́jà kí ó yá mi ní àpótí iná rẹ̀.

Bí ẹ bá tan pupa tó jẹ́ pé ewé ló jáde, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. WS2812B ń ka ewé ṣáájú pupa, WS2811 sábà máa ń ka pupa ṣáájú. Ẹ yí ètò àwọ̀ padà nínú WLED, ó tán. Mo ti rí ọlọ́jà tó ta páálí odidi ní ẹ̀dínwó torí ó rò pé iná náà bàjẹ́. Mo rà á. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹni tó ń ṣe pátákó pẹ̀lú K-1000C, kọ̀ntírólà tó ń ka eré láti inú káàdì, ò ní WLED. LEDEdit lórí kọ̀ǹpútà ló fi ń yan orúkọ chip kó tó kó eré sínú káàdì SD, kọ̀ntírólà náà ò sì gbé ju pixel 2,048 lọ. Kí ó rí i pé chip tó rà wà nínú orúkọ tí LEDEdit mọ̀ kó tó sanwó.

Ohun tó máa ń mú kí àwọn èèyàn pe chip tó dáa ní burúkú ni ESP32 fúnra rẹ̀. Fóltì 3.3 ni ohùn rẹ̀ lórí wáyà dátà. WS2812B tó ń jẹ fóltì 5 ń fẹ́ kí ohùn tó 3.5 kó tó dá a lójú. Nítorí náà lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la ooru á mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn wọ ojú rẹ̀. Chip 74AHCT125 tàbí 74HCT245 á gbé ohùn náà dé 5. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 330 Ω sí orí wáyà dátà, ẹ fi kàpásítọ̀ 1,000 µF sí ẹnu àpótí iná, kí pixel àkọ́kọ́ má sì jìnnà ju mítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ sí kọ̀ntírólà. Dátà tí 12 ń lò, 5 náà ni, nítorí náà ìmọ̀ràn yìí kan gbogbo wọn. Nẹ́gétífì kọ̀ntírólà àti ti àpótí iná gbọ́dọ̀ so pọ̀. Bí iná bá ń hùwà bí ẹni tó mutí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ tún ra àfikún, ẹyọ mẹ́wàá tàbí mítà kan, lára páálí kan náà ní ọjọ́ kan náà. Tí ẹ bá padà lọ ní oṣù mẹ́ta, orúkọ chip lè jẹ́ ọ̀kan, funfun rẹ̀ ò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ẹ bá sì ń lo íńfátà, ẹ fi swíìṣì gé fóltì kúrò lọ́sàn-án. WS2812B tó ṣókùnkùn pátápátá ṣì ń mu nǹkan bí 1 mA. Nínú 600, ìyẹn ń lọ sí wáàtì 3, tọ̀sán-tòru, láìsí iná kankan tí ẹnikẹ́ni rí.

Alhaja pe mí nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ariwo ìlù lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹnjiníà, ojú kan ti kú lápá ọ̀tún o, mo ń wò ó." Mo bi wọ́n pé ìyókù ńkọ́. Wọ́n ní ìyókù ń jó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé.